Páswọ́ọ̀dù Màmá Káàdì àti Sátidé Ìmọ́tótó

Mo rántí ìgbà tí gbogbo ìmọ̀ tí mo ní láyé yìí nípa kọ̀ǹpútà kò ju méjì lọ: kí n pa á, kí n tún un tàn. Bí pípa àti títàn ò bá gbọ́, mo ní ẹ̀kẹta, ìyẹn ni kí n fajú ro, kí n tẹjú mọ́ ògiri bí ẹni tó ń ṣírò nǹkan ńlá, kí n wá sọ pé, "Ó jọ pé iná ni." Ìmọ̀ mẹ́ta yìí ni mo fi jẹun fún bí oṣù mẹ́rin ní Adó-Èkìtì, àwọn èèyàn sì ń pè mí ní Ẹ̀ńjìníà. Bí wọ́n bá ti pè mí bẹ́ẹ̀, mo máa ń tètè dáhùn kí wọ́n má baà rò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Mo fi ilé-ìwé gíga sílẹ̀ ní ọdún kejì, àbí ilé-ìwé ló fi mí sílẹ̀. Àwa méjèèjì ò tíì fẹnu kò lórí ẹni tó kọ́kọ́ gbé ẹrù. Níbòmíràn, ọmọ tó kúrò nílé-ìwé lè rí ibi fara pamọ́ sí. Kì í ṣe ní Èkìtì. Níbi tí ilé mẹ́ta tó tẹ̀léra ti ní ọ̀jọ̀gbọ́n méjì, tí ẹni tó ń bu epo sọ́kọ̀ ti ní dìgírì, tí ìyá àgbà tí kò mọ̀wé kà ti lè sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín dókítà abẹ́rẹ́ àti dókítà ìwé fún ọ, ọmọ tó sá nílé-ìwé dà bí ọmọ apẹja tí omi ìwẹ̀ ń bà lẹ́rù. Bàbá mi, olùkọ́ afẹ̀yìntì ní Ìyìn, ò bú mi, wọn ò sì nà mí. Wọ́n kàn gé gbólóhùn tí wọ́n fi ń fi mí han àlejò kúrú ni. Tẹ́lẹ̀, "Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì nìyí" ni. Nígbà tó yá, ó di "Ọmọ mi nìyí." Ẹ ò lè mọ bí gbólóhùn kúkúrú ṣe ń wúwo tó, àfi tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n gé e fún.

Ẹni tó fà mí jáde nínú ìtìjú yẹn ni Màmá Káàdì. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Òkè-Ìlá ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, àwọn ló ń tọ́jú káàdì àwọn aláìsàn láti ìgbà tí káàdì ṣì jẹ́ páálí. Nígbà tí káàdì di ti inú kọ̀ǹpútà, wọ́n tẹ̀ lé e wọ inú kọ̀ǹpútà. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni àwọn àti ìyá mi ń lọ. Lọ́jọ́ kan tí fóònù wọn dákú, wọ́n gbé e fún mi lẹ́yìn ìsìn. Mo pa á, mo tún un tàn, ó jí. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn, ohun tí fóònù náà sì ń fẹ́ nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n mú mi lọ bá Dókítà tó ni ilé ìwòsàn.

"Ọmọ Tíṣà Ìyìn nìyí," ni wọ́n wí. "Ó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa. Èmi ni mo mú un wá o. Bó bá ba nǹkan jẹ́, orúkọ mi ni kẹ́ ẹ pè."

Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́wọ́. Èmi ò fi sọ́wọ́, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ní ìtàn sọ.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Dókítà gbé lé mi lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ èsì àyẹ̀wò. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀, tí wọ́n bá ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò tán ní lábù, nọ́ọ̀sì á mú ìwé, á sáré gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, á gun àtẹ̀gùn, á tún sáré padà wá nítorí pé ìwé ẹlòmíràn ló mú. Dókítà ra ètò kan tó máa ṣe iṣẹ́ ẹsẹ̀ yẹn. Sáfíìsì ni àwa oníṣẹ́ ń pe irú ẹ̀. Kò ní ojú, kò ní bọ́tìnnì, o ò lè rí i lójú kọ̀ǹpútà. Bí kọ̀ǹpútà bá ti ń tàn báyìí, òun náà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹnikẹ́ni ì báà jókòó síwájú ẹ̀, ẹnikẹ́ni ì báà má jókòó. Á mú èsì ní lábù, á gbé e wọ inú káàdì aláìsàn, Dókítà á sì rí i lórí tábìlì wọn lókè. Òjíṣẹ́ ni, ká kúkú pè é bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ òjíṣẹ́ kì í dédé wọ yàrá olóyàrá. Ọmọdé tí wọ́n rán lọ sílé àgbà, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi í lẹ́nu ọ̀nà ni, "Ta ló rán ọ?" Bó bá dá orúkọ ẹni tí wọ́n mọ̀, wọ́n á ṣílẹ̀kùn. Bí kọ̀ǹpútà náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Kó tó jẹ́ kí òjíṣẹ́ yìí fọwọ́ kan káàdì, ó fẹ́ mọ orúkọ tó fi wá, pẹ̀lú páswọ́ọ̀dù orúkọ ọ̀hún. Ohun tó sì yẹ kí n ṣe ni pé kí n dá orúkọ tuntun sílẹ̀ fún un, orúkọ tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, kí n wá yọ̀ǹda ìwọ̀nba ibi tó yẹ kó dé fún un. Mo rí i kà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ náà gùn, dátà mi ti ń tán lọ, mo ka ìlà mẹ́ta, mo ní ó ti yé mi.

Ọ̀nà àbùjá tí mo rí ni pé Màmá Káàdì ti ní orúkọ nínú kọ̀ǹpútà ọ̀hún, orúkọ wọn sì ń ṣí gbogbo káàdì. Mo bá lọ bá wọn.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ páswọ́ọ̀dù yín síbí yìí."

"Kọjú sẹ́yìn."

Mo kọjú sẹ́yìn.

"Mo ń rí ọ nínú gíláàsì wíńdò, ọmọ Tíṣà."

Mo dijú. Wọ́n fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, díẹ̀díẹ̀, mo sì ń gbọ́ tí ẹnu wọn ń sọ wùyẹ̀wùyẹ̀ bí ẹni tó ń gbàdúrà. Mo rò pé ọjọ́ orí ni. Kí ló kàn mí.

Òjíṣẹ́ náà gbéra. Èsì àkọ́kọ́ tó jẹ́ ni ti ibà wẹ́dà kan tó jókòó sí yàrá ìgbàlejò, èsì náà sì ti wà lókè kí ọkùnrin náà tó fa apá aṣọ ẹ̀ wálẹ̀ dáadáa. Dókítà pàtẹ́wọ́. Mo kúrò ní Òkè-Ìlá lọ́jọ́ yẹn, mo fẹsẹ̀ rìn dé Fájuyì dípò kí n gun ọ̀kadà, kí aráyé lè rí mi. Aráyé ò wo ọ̀dọ̀ mi. Mo dúró níbi tí ọkọ̀ Ìyìn ti ń kó èrò, mo sọ fún ẹni tó dúró tì mí pé oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn ni mí. Ó bi mí bóyá mo lè bá òun tún rédíò ṣe.

Nígbà tí oṣù yẹn máa fi parí, Sátidé ìmọ́tótó dé. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, tí kò sọ́kọ̀ títí aago mẹ́wàá, tí kálukú ń ro koríko iwájú ilé ẹ̀ kí ìjọba má baà mú un. Dókítà fẹ́ràn ìmọ́tótó ju ìjọba lọ. Lọ́jọ́ yẹn, gbogbo ẹ̀rọ tó wà nísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ kú, kí àǹtí agbálẹ̀ yọ wáyà wọn, kó nù wọ́n, kó tó tún kì í bọ̀. Aago mẹ́wàá kọjá, wọ́n tan kọ̀ǹpútà, lábù yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, èsì ò gòkè. Wọ́n pè mí láti Ìyìn.

Mo dé, mo fajú ro, mo wo ògiri. Mo ní ó jọ pé iná ni. Mo wá yíjú sí àǹtí agbálẹ̀.

"Omi lẹ fi nù ún."

"Àkísà gbígbẹ ni."

"Ó lè jẹ́ gbígbẹ tó gbẹ jù."

Obìnrin náà wò mí látòkè délẹ̀. Ọmọ Adó pọ́ńbélé ni, kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sábẹ́ ahọ́n. "Ẹ̀ńjìníà," ló wí, "ṣé èmi náà ni mo lé ọ ní ulé-ùwé?"

Gbogbo lábù rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ibòmíràn tí mo lè gbé ojú sí.

Kọ̀ǹpútà ọ̀hún kúkú kọ ohun tó ń ṣe é sójú pátákó ara ẹ̀. Ó kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́ gaara pé páswọ́ọ̀dù tí òjíṣẹ́ mú wá ò bá orúkọ náà mu. Mo kà á tán, mo ní irọ́ ló ń pa, ṣebí ìṣojú mi ni Màmá Káàdì ti tẹ̀ ẹ́. Mo yọ gbogbo ètò náà kúrò, mo tún un fi sí látìbẹ̀rẹ̀, tí Mọ́ńdè sì dé, mo ní kí Màmá Káàdì tún bá mi tẹ páswọ́ọ̀dù. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, ẹnu wọn ń sọ wùyẹ̀wùyẹ̀, ó ṣiṣẹ́. Mo kéde pé eruku ni, pé kí wọ́n má nù ún mọ́. Oṣù kejì, wọn ò nù ún, wọ́n kàn yọ wáyà, ó tún kọṣẹ́. Mo ní wáyà ni, wọ́n ra òmíràn. Oṣù kẹta, mo ní ògiri yẹn ń gba ooru, mo ní kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà lọ sí igun kejì. Ní gbogbo ìgbà, ohun tí mo máa ń ṣe kẹ́yìn ni kí n ní kí Màmá Káàdì tún tẹ̀ ẹ́, yóò sì ṣiṣẹ́. Mo dà bí ẹni tó mu oríṣi oògùn mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà fún orí fífọ́, tó wá ń júwe èyí tó dùn jù fún aládùúgbò. Àìmọ̀kan ló ń mú kí èkúté ilé pe ológbò níjà. Èmi kúkú ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ìjà ọ̀hún kiri.

Ní oṣù kẹrin, ó sú mi kí n máa sáré wá láti Ìyìn ní gbogbo Sátidé ìmọ́tótó. Mo bá kọ ètò kékeré kan mọ́ òjíṣẹ́ yẹn, pé bí wọ́n bá lé e lẹ́nu ọ̀nà, kó padà lọ kanlẹ̀kùn lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, kó má sinmi títí wọ́n á fi ṣí i. Mo dìídì yìn ara mi. Mo ní ọgbọ́n inú mi yìí, àwọn ilé-ìwé ò tó ọ kọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni wàhálà kan ti ń rú lọ́wọ́. Ọmọbìnrin kan tó fẹ́ ṣègbéyàwó wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò láti mọ irú ẹ̀jẹ̀ tí òun ní, kí èsì tó dé ọwọ́ ẹ̀, àdúgbò ọkọ àfẹ́sọ́nà ti mọ̀ ọ́n. Ó wá sí ilé ìwòsàn, kò pariwo, ó kàn jókòó, ó ń sunkún. Inú Dókítà bàjẹ́ gan-an. Wọ́n ní ẹnì kan nínú ilé yìí ló ń ṣí káàdì àwọn èèyàn, àwọn sì máa mọ ẹni ọ̀hún. Wọ́n ránṣẹ́ pe ọkùnrin kan tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ní Àkúrẹ́ pé kó wá bá àwọn yẹ gbogbo ẹ̀rọ wò. Ó dé ní Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé Sátidé ìmọ́tótó oṣù kẹrin. Láti Sátidé títí di àárọ̀ ọjọ́ náà, èsì kankan ò gòkè, Màmá Káàdì pàápàá ò sì lè wọlé sínú kọ̀ǹpútà wọn. Ó ti tìlẹ̀kùn mọ́ orúkọ wọn.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi pe àwa mẹ́ta wọ ọ́fíìsì: Màmá Káàdì, èmi, àti ọkùnrin Àkúrẹ́ náà. Ó tẹ́ ìwé sórí tábìlì, ojú ewé mẹ́sàn-án. Kọ̀ǹpútà kì í gbàgbé ẹni tó kanlẹ̀kùn ẹ̀, ó ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Orúkọ Màmá Káàdì ló kún inú ìwé náà látòkè délẹ̀. Láti Sátidé aago mẹ́wàá, ní gbogbo ìṣẹ́jú márùn-ún, orúkọ wọn ń fẹ́ wọlé, wọ́n ń lé e.

"Mà," ni Dókítà wí, ohùn wọn lọlẹ̀, "Sọ́ńdè àná, aago mẹ́wàá àárọ̀, ibo lẹ wà?"

"Ṣọ́ọ̀ṣì, Dókítà. Mo wà nínú àwọn akọrin."

"Ìwé yìí ní ẹ wà níbí."

"Èmi ò sí níbí."

"Ó ní orúkọ yín ni."

Màmá Káàdì bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n fi etí ìró wọn nù ún, wọ́n tún wọ̀ ọ́, wọ́n wo ìwé náà bí ẹni tó ń wo àwòrán ara ẹ̀ lára ògiri ibi tí kò dé rí. Oṣù mẹ́jọ ló kù kí wọ́n fẹ̀yìn tì. "Dókítà," wọ́n ní, "láti ìgbà tí ilé ìwòsàn yìí ti ní yàrá méjì ni mo ti wà pẹ̀lú yín. N kò ṣí káàdì ẹni tí kò pè mí rí." Màmá Káàdì bá tú ìdì kọ́kọ́rọ́ yàrá káàdì tó máa ń wà ní ìbàdí wọn, wọ́n gbé e lé orí tábìlì jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kó má baà dún.

Ìgbà yẹn ni mo wo ìwé náà dáadáa. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Ara mi tutù bí ẹni tí wọ́n da omi Àràmòkò lé lórí láàárọ̀ ọyẹ́. Mo mọ ọwọ́ tó kọ ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn. Ọwọ́ náà wà lórí itan mi.

Mi ò ní purọ́ fún yín, ohun àkọ́kọ́ tó wá sí mi lọ́kàn ni kí n dákẹ́. Ọkùnrin Àkúrẹ́ ti ń di báàgì, ó ti rí ohun tí wọ́n ní kó wá. Kò sẹ́ni tó máa bi mí léèrè. Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo máa padà sí Ìyìn lọ́sàn-án yìí, gbólóhùn bàbá mi á sì tún kúrú sí i, bóyá ó máa ku "Èyí nìyí." Mo wo kọ́kọ́rọ́ orí tábìlì. Mo rántí ẹni tó sọ pé bó bá ba nǹkan jẹ́, orúkọ òun ni kí wọ́n pè.

"Mà," mo ní, "ṣé ẹ yí páswọ́ọ̀dù yín padà láìpẹ́ yìí?"

"Jímọ̀ tó kọjá."

"Èyí tó ṣáájú ńkọ́?"

"Jímọ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù tó ṣáájú." Wọ́n wo Dókítà bí ẹni ojú ń tì. "Oṣooṣù ni. Ní Ọjọ́rú tó gbẹ̀yìn oṣù, pásítọ̀ wa máa ń fún wa ní ọ̀rọ̀ tí a máa fi wọ oṣù tuntun. Òun ni mo máa ń fi ṣe é. Èmi ò lè fi ọ̀rọ̀ oṣù àná wọ oṣù tuntun."

"Kí ni ti oṣù yìí, mà?" Dókítà ló béèrè.

"Ilẹ̀kùn Á Ṣí."

Dókítà kọ́ ikọ́ tí kì í ṣe ikọ́.

Gbogbo ẹ̀ wá tò síwájú mi bí àga ṣọ́ọ̀ṣì. Jímọ̀, Màmá Káàdì pààrọ̀ ọ̀rọ̀. Òjíṣẹ́ tó ti wọlé tẹ́lẹ̀ ò mọ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Sátidé, àǹtí agbálẹ̀ yọ wáyà. Kọ̀ǹpútà tún tàn, ó bi òjíṣẹ́ pé ta ló rán ọ, òjíṣẹ́ dá orúkọ Màmá Káàdì, ó sì fi ọ̀rọ̀ oṣù tó kọjá ṣe ẹ̀rí. Kì í ṣe iná, kì í ṣe eruku, kì í ṣe ògiri.

"Dókítà, èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni mò ń kanlẹ̀kùn."

Mo ṣàlàyé ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, mo sì ka ẹ̀ṣẹ̀ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan dátà tó ń tán lọ. Ọkùnrin Àkúrẹ́ ní ó lè jẹ́ pé mò ń gba Màmá Káàdì sílẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú inú bí mi, inú tó bí mi ló sì fún mi lọ́gbọ́n. Mo ní kó ṣílẹ̀kùn tí kọ̀ǹpútà tì mọ́ orúkọ náà, kó gbé ìwé ìkanlẹ̀kùn sójú pátákó, kí gbogbo wa máa wò ó. Mo ní, "Mà, ẹ gbé ọwọ́ yín méjèèjì lé orí itan." Wọ́n gbé e. Mo gbé tèmi náà sókè. A jókòó. N kò mọ̀ pé ìṣẹ́jú márùn-ún gùn tó bẹ́ẹ̀; ní gbọ̀ngàn ìdánwò, ńṣe ló máa ń fò. Màmá Káàdì ò gbé ojú kúrò lára ọwọ́ ara wọn, àfi bíi pé àwọn náà ò gbà á gbọ́ pátápátá. Lójijì, orúkọ wọn yọ sójú pátákó, ó kanlẹ̀kùn, wọ́n lé e. Ọwọ́ wọn ò kúrò lórí itan.

"Olúwa ó ṣeun," ni wọ́n wí, bí ẹni tí wọ́n bu omi fún.

Dókítà ti ìdì kọ́kọ́rọ́ náà padà síwájú wọn, wọ́n tẹrí ba lórí àga, wọ́n bẹ Màmá Káàdì. Wọ́n wá kọjú sí mi. "O ní títí a ó fi pa ilé ìwòsàn dé lónìí. Kí èsì máa gòkè láìsí orúkọ màmá nínú ẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí n má tún rí ọ níbí mọ́."

Mo ka ojú ìwé íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn lọ́jọ́ náà, mo kà á tán, mo tún kà á. Ọkùnrin Àkúrẹ́, tó ti pinnu láti dúró wo ìgbẹ̀yìn mi, ní kí n má wulẹ̀ ṣe wàhálà. "Fi àkáǹtì ọ̀gá pátápátá fún un. Kò síbi tí kò lè dé. Ó tán." Òótọ́ ni, ìṣẹ́jú méjì ni. Èmi ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ǹ bá ti ṣe é kó tó sọ̀rọ̀ tán. Àmọ́ mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tí orúkọ tó pọ̀ jù ń ṣe lọ́wọ́ òjíṣẹ́ tó gọ̀. "Rárá, sà," mo ní. "Ẹni tí wọ́n rán lọ gba iyọ̀, èèyàn ò ní kó kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé fún un." Ó wò mí. Ó jókòó.

Mo dá orúkọ tuntun sílẹ̀. Orúkọ tí ẹnikẹ́ni ò lè jókòó sídìí kọ̀ǹpútà fi wọlé, òjíṣẹ́ nìkan ló wà fún. Ó lè mú èsì ní lábù, ó lè gbé e sínú káàdì, tó bá fẹ́ ṣe nǹkan mìíràn, ilẹ̀kùn á tì. Mo fún un ní páswọ́ọ̀dù gígùn tí kò sí pásítọ̀ tó lè sọ ọ́. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, nítorí mo gbàgbé láti yọ̀ǹda lábù fún un, mo tún gbàgbé láti jẹ́ kí kọ̀ǹpútà gbà pé ó lè dá ṣiṣẹ́ láìsí èèyàn nídìí ẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ohun tí kọ̀ǹpútà kọ sójú pátákó ni mo ń kà, mo sì ń gbà á gbọ́. Nígbà tó gbéra, mi ò ké sí ẹnikẹ́ni. Mo lọ pe àǹtí agbálẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ wáyà kọ̀ǹpútà yìí, kẹ́ ẹ nù ún bíi ti Sátidé."

Ó fi ọwọ́ lé ìbàdí. "Ṣé omi ni kí n fi nù ún, àbí kí n fi àkísà tó gbẹ jù?"

Mo dọ̀bálẹ̀ fún un níwájú lábù, gbalaja. Ó ní kí n dìde, kí n má fi aṣọ nulẹ̀ tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Ó yọ wáyà, ó nù ún, ó tún kì í bọ̀. Kọ̀ǹpútà tàn. A ò tẹ nǹkan kan. Lábù yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ kan wò, àwa sì ń wo ara wa, títí ohùn Dókítà fi wá látòkè pé, "Ó ti dé."

Nípa ti ọmọbìnrin yẹn, wọ́n padà mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ara ẹ̀ tó wá bá a gba èsì ló ya ìwé náà ní fọ́tò, tó sì fi ránṣẹ́ kiri. Dókítà ò lé mi. Wọ́n kàn pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní Ẹ̀ńjìníà mọ́ títí àwọn á fi sọ. Ọmọ Tíṣà ni wọ́n ń pè mí di òní, mo sì ń jẹ́ ẹ láìyára.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, Màmá Káàdì fẹ̀yìn tì. Wọ́n pe àwọn òbí mi wá sí ayẹyẹ kékeré tí a ṣe fún wọn ní yàrá ìgbàlejò. Lẹ́yìn àdúrà, Dókítà ní kí n pa orúkọ wọn rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà lójú wọn, bó ṣe yẹ fún ẹni tó ti jíṣẹ́ tán. Màmá Káàdì di apá mi mú. "Ọmọ Tíṣà, ṣé nǹkan ò ní dúró?" Mo ní kò ní dúró. Mo pa á rẹ́. Gbogbo èèyàn ń wo pátákó lábù, àǹtí agbálẹ̀ náà na ọrùn. Èsì kan gòkè. Òmíràn tẹ̀ lé e. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan tí wọ́n jọ jẹ́ tíṣà wà níbẹ̀, ó bi wọ́n pé ta ni mí. Mo ti múra sílẹ̀ fún gbólóhùn kúkúrú. "Ọmọ mi nìyí," ni bàbá mi wí. Wọ́n mí kanlẹ̀. "Òun ló jẹ́ kí nǹkan kan má ṣẹlẹ̀."

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a máa ń fi tọmọ jẹ́ ẹ ni. Ẹni tí wọ́n rán ni mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ń bá wí tẹ́lẹ̀. Mo ti wá mọ̀ pé ó ń bá ẹni tó rán an wí pẹ̀lú. Ilé ìwòsàn mẹ́ta àti ilé-ìwé kan ni mò ń tọ́jú kọ̀ǹpútà wọn báyìí, mi ò sì tíì padà lọ gba dìgírì. Èmi àti ilé-ìwé ṣì ń bá ara wa ṣe ẹjọ́. Àmọ́ ibi tí mo bá dé, kí n tó pa ohunkóhun, kí n tó tan ohunkóhun, mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè orúkọ tó fi ń ṣiṣẹ́, àti bóyá olórúkọ mọ̀.

Sátidé tó kọjá yìí, ìmọ́tótó, mo wà níwájú ilé wa ní Ìyìn pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, mo gbé fóònù mi lé orí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bàbá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fojú wọn ibi tí mo gbá kù. Aago mẹ́wàá kọjá. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ kọjá lọ sí Adó. Fóònù ò dún. Mo bá gbá ilẹ̀ mi lọ.